ÒKÈ TÍ KÒ LỌ́NÀ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ARA ÀWỌN TÓ Ń GUN ÒKÈ ADIRONDACK



Ó ti di àṣà wa pé nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ èdè Lárúbáwá, a máa ń fi ẹ̀kọ́ kan kún un láti inú ìmọ̀ ayé. Èyí tí a mú wá lọ́dún yìí jẹ mọ́ gígun òkè. Ohun tó fà á ni pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti ṣe wòlímọ̀ ní ilé-kéwú wa, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, wá kí wa nígbà ìsinmi. A ní kó bá àwọn ọmọ kíláàsì àgbà sọ̀rọ̀. A rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ni yóò sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkè ló sọ. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta máa ń wọ inú igbó tí kò sí ipa ọ̀nà kankan nínú rẹ̀, wọn a gun òkè dé ṣóńṣó, wọn a sì padà sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ na ọwọ́ sókè, ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ lọ ń wá níbẹ̀?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà wà lọ́kàn àwa náà. Àlàyé tí ó ṣe, àti èyí tí a fi ìwádìí kún un, ni a kọ síhìn-ín.

ÀWỌN ÒKÈ NÁÀ

Òkè tí a mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá sábà máa ń lọ́nà. Ẹni tó fẹ́ gun Òkè Ìdànrè yóò bá àtẹ̀gùn níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta yóò bá àtẹ̀gùn níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òkè tí kò tilẹ̀ ní àtẹ̀gùn, àwọn ọdẹ àti àwọn àgbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ là á. Ti àwọn òkè Adirondack yàtọ̀. Ìhà àríwá ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n wà, wọ́n sì jìnnà sí ìlú ńlá New York tí a máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1892 ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà pààlà sí agbègbè yìí, ilẹ̀ tó wà nínú ààlà náà lónìí sì tó nǹkan bí mílíọ̀nù 6 éékà. Ní ọdún 1894 wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé igbó ìjọba tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ máa jẹ́ igbó títí láé: a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ gé igi rẹ̀ tà. Òkè tó ga jù nínú wọn ni Mount Marcy, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5,344.

Ọmọkùnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ni wọ́n kọ́kọ́ pinnu láti gun gbogbo òkè tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4,000 lọ ní agbègbè náà. Robert Marshall ni ẹ̀gbọ́n, George Marshall ni àbúrò. Ní ọdún 1918 tí wọ́n gun èkínní, Robert jẹ́ ọmọ ọdún 17, George sì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé wọn kò dá lọ. Herbert Clark, àgbàlagbà kan tó mọ igbó náà dáadáa, ló ń tọ́ wọn sọ́nà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ parí rẹ̀ ní ọdún 1925, òkè 46 lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lọ́nà rárá nígbà náà.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ipasẹ̀ wọn. Ní ọdún 1937, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Grace Hudowalski parí gbogbo 46. Òun ni ẹni kẹsàn-án tó ṣe bẹ́ẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Ní ọdún 1948 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tó ti gun 46 sílẹ̀, òun náà sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Lórí àwọn òkè tí kò lọ́nà, tí wọ́n tó nǹkan bí 20, ẹgbẹ́ náà so agolo kan mọ́ igi ní ṣóńṣó, wọ́n sì fi ìwé sínú rẹ̀ kí ẹni tó bá débẹ̀ lè kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń gun òkè a máa kọ lẹ́tà sí ìyá yìí láti ròyìn ìrìn wọn, òun náà a sì máa dá èsì padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kú ní ọdún 2004, ní ọdún 2014 ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn òkè náà, tí a ń pè ní Grace Peak báyìí. Àwọn agolo náà kò sí mọ́. Ní ọdún 2001 ni wọ́n kó wọn kúrò, nítorí ìjọba ní ohun tí ènìyàn ṣe kò yẹ kó wà nínú igbó tí a fẹ́ kó wà bí ó ti wà.

KÍ NI A Ń PÈ NÍ ÒKÈ TÍ KÒ LỌ́NÀ?

Òkè tí kò lọ́nà ni èyí tí ìjọba kò la ọ̀nà sí, tí kò sí àmì lára igi, tí kò sí pátákó, tí kò sì sí afárá lórí odò rẹ̀. Ẹni tó ń lọ yóò tọ ọ̀nà tí a là títí dé ibì kan, yóò wá yà kúrò lójú ọ̀nà wọ inú igbó.

Igbó náà kì í ṣe irú tiwa. Nísàlẹ̀ òkè, igi ńláńlá ni wọ́n, ènìyàn sì lè rìn láàrin wọn. Bí a ṣe ń gòkè sí i ni igi ń kúrú, tí wọ́n sì ń súnmọ́ra. Nítòsí ṣóńṣó, igi tí wọ́n ń pè ní spruce àti èyí tí wọ́n ń pè ní fir a há mọ́ra débi pé ènìyàn yóò fi èjìká ya wọn kó tó kọjá, ẹ̀ka gbígbẹ wọn a sì máa ya aṣọ, a máa ha ojú. Igi tó ti wó sì pọ̀ nílẹ̀. Ìjì ńlá kan tó jà ní oṣù kọkànlá ọdún 1950 wó igi lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ní agbègbè náà. Ibì kan wà tí ẹsẹ̀ kò ní kan ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́; orí igi tó wó ni ènìyàn yóò máa tọ̀. Ibòmíràn, ewéko tútù bo ihò láàrin òkúta méjì, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ láìwò yóò rì dé itan. Ọmọ wa sọ pé ìrìn máìlì kan níbẹ̀ lè gba wákàtí méjì, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ewu mìíràn ni òtútù. Bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀, ìrì àti omi tó wà lára ewé yóò rin aṣọ gbindingbindin. Aṣọ òwú tó bá ti rin kì í mú ara móoru mọ́, atẹ́gùn orí òkè yóò sì máa fa ooru ara lọ. Ẹni tí òtútù bá ti wọ̀ lára jù yóò máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò máa lọ́, yóò máa kọsẹ̀, làákàyè rẹ̀ yóò sì dín kù. Èyí ló burú jù níbẹ̀, nítorí pé ẹni náà fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Ọ̀rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i.

KỌ́ŃPÁÀSÌ

Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú igbó yìí kò sí ẹni tí a ó bi. Àwòrán ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì ni wọ́n ń bi. Fóònù òde òní lè fi ibi tí ènìyàn wà hàn án, ṣùgbọ́n òtútù tètè ń pa bátìrì rẹ̀, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ ibi nínú igbó náà. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n kì í fi fóònù nìkan wọ ibẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ bí a ṣe ń wá ìhà Kíbúlà yóò tètè lóye ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í tọ́ka sí àríwá gan-an ní gbogbo ayé. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyàtọ̀ tó wà láàrin àríwá tòótọ́ àti àríwá tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí kéré. Ní àwọn òkè Adirondack, abẹ́rẹ́ náà yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn tó nǹkan bí digírì 13. Bí ènìyàn bá wo ojú rẹ̀ lásán, ó lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá gbàgbé digírì 13 yìí, tó sì rin máìlì kan gbáko, yóò fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 jìnnà sí ibi tó ń lọ. Èyí ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù mẹ́ta lọ. Nínú igbó tí ènìyàn kò ti lè rí ohun tó wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí iwájú rẹ̀, ó lè gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá kó má mọ̀.

ÀDÉHÙN KÍ WỌ́N TÓ GBÉRA

Ọmọ wa sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì pé òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ní àdéhùn márùn-ún tí wọ́n máa ń kà fún ara wọn kí wọ́n tó kúrò nídìí mọ́tò. A kọ wọ́n sójú pátákó:

Èkínní: ẹnì kan nílé gbọ́dọ̀ mọ òkè tí wọ́n ń gùn, ìhà tí wọ́n gbà wọlé, àti aago tí wọ́n máa padà dé. Bí aago náà bá kọjá lọ jìnnà, ẹni náà yóò ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó.

Èkejì: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá ni yóò pinnu bí wọn yóò ṣe yára tó.

Ẹ̀kẹta: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ lọ débi tí ojú kò ti ní tó o tàbí tí kò ti ní gbọ́ ohùn èkejì rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: ènìyàn méjì ni yóò máa wo kọ́ńpáàsì. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ṣọ̀kan, gbogbo wọn yóò dúró títí yóò fi ṣọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún: wọn yóò dá aago ìpadà. Bí aago náà bá lù, ibi yòówù tí wọ́n bá dé, wọn yóò yíjú padà.

ÌPA ẸSẸ̀ ÀWỌN ÈRÒ

Kí a tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà kan kò wọ orí òkè. Nígbà tí àwọn tó ń wá 46 di ọ̀pọ̀ (wọ́n ti ju 10,000 lọ báyìí), ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í la ilẹ̀. Ẹni tó bá ṣìnà náà a la tirẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn a rò pé ọ̀nà gidi ni, a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sí i. Bí ipa ẹsẹ̀ ṣe pọ̀ káàkiri nìyẹn. Òjò ń wọ́ ilẹ̀ lọ, gbòǹgbò igi ń yọ síta, àwọn èèyàn sì ń ṣìnà lójú ipa ẹsẹ̀ tí àwọn aṣìnà ìṣáájú fi sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ náà bá ìjọba ṣiṣẹ́, wọ́n mú ipa kan ṣoṣo lórí òkè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi igi dí ẹnu àwọn yòókù. Nítorí náà, òkè tí a ń pè ní aláìlọ́nà nínú 46 ti ní ipa ẹsẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ igbó tí kò lọ́nà ní tòótọ́ yóò wá a sí ibòmíràn.

Ọ̀kan nínú ibi bẹ́ẹ̀ ni òkè MacNaughton. Ìtàn rẹ̀ ya ni lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n tún òkè wọ̀n lẹ́yìn ìgbà àwọn Marshall, wọ́n rí i pé mẹ́rin nínú 46 kò tó ẹsẹ̀ bàtà 4,000: Blake, Cliff, Nye àti Couchsachraga. Ìwọ̀n kan náà sì fi MacNaughton, tí kò sí nínú wọn, sí 4,000 géérégé. Ẹgbẹ́ náà kò yí iye wọn padà. Wọ́n ní èyí tí àwọn ìṣáájú gùn ni àwọn náà yóò máa gùn. Nítorí náà, ẹni tó bá gun MacNaughton kò rí nǹkan kan kún orúkọ rẹ̀. Òkè yìí ni ọmọ wa àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yàn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÓRÍ MACNAUGHTON

Oṣù kẹwàá ọdún ni, ìgbà tí ilẹ̀ ti ń tètè ṣú níbẹ̀. Wọ́n gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì fi aago méjì ọ̀sán ṣe aago ìpadà. Wọ́n tọ ọ̀nà tí a là dé àwọn adágún omi tí wọ́n ń pè ní Wallface Ponds, wọ́n wo kọ́ńpáàsì, wọ́n sì wọ igbó. Ní nǹkan bí aago kan àbọ̀, ọmọ wa rí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run láàrin igi lókè. Ó ní, "Àfáà, mo rò pé mo ti rí orí òkè. Ara mi le, àwọn yòókù ń sinmi. Mo ní kí n kàn lọ wò ó." Ó gòkè lọ. Ibi tó rò pé ó jẹ́ ṣóńṣó kì í ṣe ṣóńṣó, gegele kan ni. Ó rí òmíràn níwájú, ó tún lọ síbẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, igi nìkan ló rí. Ó pè, atẹ́gùn gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Ó sọ fún wa pé ohun tó kọ́kọ́ wá sí òun lọ́kàn ni kí òun máa sáré padà síbi tí òun rò pé òun gbà wá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọnù nínú igbó, ibẹ̀ ni wọ́n ti túbọ̀ sọnù. Ó rántí ohun tí wọ́n ti jọ sọ: ẹni tó bá sọnù kó dúró lójú kan. Ó jókòó sórí igi, ó mú fèrè bíi ti rẹfirí jáde, ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àmì tí àwọn tó ń rin igbó mọ̀ sí pé ìṣòro wà. Ó dúró díẹ̀, ó tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbọ́ fèrè tiwọn láti ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i, aago méjì ti kọjá ní ogún ìṣẹ́jú. Òtútù ti mú un, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè de okùn bàtà rẹ̀ mọ́.

Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí rẹ̀, pé orí òkè kò lè jìnnà mọ́. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò bá a jiyàn. Ó fún un ní aṣọ gbígbẹ, ó fi aago ọwọ́ rẹ̀ hàn án, ó sì yíjú sí ìsàlẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n dè mórí bí ọdẹ ni wọ́n fi rìn wákàtí tó kẹ́yìn. Ó ní inú ń bí òun nínú mọ́tò, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí òun délé, tí òun rí ìyàwó òun lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, ni ìbínú náà tó lọ. Ó bi ara rẹ̀ pé, bí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá gbà fún òun, kí ni ìyàwó òun ìbá gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Wọ́n padà lọ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì dé ṣóńṣó. Ìkúùkù bo gbogbo ibẹ̀, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé dání, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

KÍ NI WỌ́N LỌ Ń WÁ?

Èyí mú wa padà sí ìbéèrè ọmọ kíláàsì wa. Èsì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ni pé, "Mo rò pé orí òkè ni mò ń wá. Ọjọ́ tí mo sọnù ni mo mọ̀ pé àwọn tí mo bá lọ ni mo ń lọ kọ́." Ó ní nílé, lórí ìjókòó, gbogbo ènìyàn ló jẹ́ ọ̀rẹ́, níbi tí kò lọ́nà ni a ti ń mọ ẹni tó lè dúró de ni àti ẹni tó lè sọ pé ó tó.

Ẹ̀yin òbí wa, a kò kọ èyí kí ẹ lè rán ọmọ lọ sínú igbó. A kọ ọ́ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń jáde níhìn-ín lọ sí ibi tí àwa kò dé rí, níbi tí kò ti sí ipasẹ̀ baba tàbí ti olùkọ́ tí wọn yóò tọ̀. A kò lè bá wọn la gbogbo ọ̀nà náà. Ohun tí a lè ṣe ni kí a kọ́ wọn láti yan alábàárìn, kí a kọ́ wọn láti dá àdéhùn kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì kọ́ wọn pé ẹni tó padà nígbà tó yẹ kì í ṣe ojo. Ẹni tó bá padà sílé láàyè lè tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní alábàárìn rere. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Àwọn wo ni wọ́n kọ́kọ́ gun òkè 46 tó wà ní Adirondack, ọdún wo ni wọ́n sì parí rẹ̀?
2. Bí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì bá yẹ̀ ní digírì 13, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ nínú ìrìn máìlì kan?
3. Kí ni ìdí tí wọ́n fi dí ẹnu ọ̀pọ̀ ipa ẹsẹ̀ lórí àwọn òkè náà?
4. Èwo nínú àdéhùn márùn-ún ni ọmọ wa kọ́kọ́ rú, èwo ni ó sì fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá òun rú?
5. Sọ ìgbà kan tí ìwọ náà ní láti padà lójú ọ̀nà. Ta ni ó sọ fún ọ pé kí o padà, kí ni o sì rí kọ́ níbẹ̀?